Lẹ́tà Sítíkà fún Mọ́tò Òwò: Bí Ẹ Ṣe Lè Gé E Nílé Kí Ó sì Pẹ́

Lẹ́tà tó ń ká létí lára kórópè tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, sítíkà kọ́ ló sábà máa ń fà á. Eruku pupa, epo àti wákìsì tí wọn ò nù kúrò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ ni. Bí ẹ bá ń gbé gàrí, ẹyin, obì tàbí omi inú ọ̀rá kiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí ẹ sì fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ òwò sára mọ́tò, ẹ ya àkókò tó pọ̀ sọ́tọ̀ fún ìnùmọ́. Gígé lẹ́tà kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Kò dandan kí ẹ ní ẹ̀rọ. Abẹ tó mú, rúlà onírin àti sùúrù á ṣe é.

Ohun tí ẹ máa kọ àti bó ṣe máa tóbi tó

Orúkọ òwò, ohun tí ẹ ń tà, nọ́ńbà fóònù kan: ó tó. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin kò ráyè ka àdírẹ́sì. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé lẹ́tà tó ga ní 2.5 cm ṣeé kà dáadáa láti nǹkan bíi mítà 3. Lẹ́tà 10 cm á wá dé mítà 12. Lára ìlẹ̀kùn, 7 cm tó. Ní ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ má jẹ́ kó dín sí 10 cm.

Ẹ wọn àyè kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nọ́ńbà fóònù tó ní díjíìtì 11, tí ẹ fi Arial Bold (irú lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà) kọ ní gíga 7 cm pẹ̀lú àlàfo méjì láàárín, á gba nǹkan bíi 65 cm ní fífẹ̀. Bó bá ga ní 10 cm, á gba 93 cm. Bí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kò bá gba ìyẹn, ẹ yáa pín in sí ìlà méjì.

Funfun lórí àwọ̀ tó dúdú, tàbí dúdú lórí funfun, ló hàn jù. Yẹ́lò lórí funfun kò ṣeé kà, pupa lórí búlúù sì ń dun ojú. Pupa tún máa ń tètè ṣá nínú oòrùn ju dúdú lọ.

Ẹ má yọ àmì ìsàlẹ̀ Ẹ, Ọ àti Ṣ sílẹ̀ nítorí pé ó ń yọni lẹ́nu. Òótọ́ ni pé tóótóó kékeré yẹn ló ń kọ́kọ́ bọ́ tí wọ́n bá ń fi omi tó le fọ mọ́tò, torí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò pọ̀. Lábẹ́ lẹ́tà 7 cm, kó má kéré sí 8 mm. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ sọ ọ́ di ìlà kúkúrú tó so mọ́ ìdí lẹ́tà, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì olódòdó kò ní àwọn àmì wa, àpótí òfìfo ni wọ́n máa gbé jáde. Noto Sans àti DejaVu Sans ní wọn.

Ohun tí ẹ máa rà

Sítíkà aláwọ̀ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni, kì í ṣe bébà. Èyí tó wọ́pọ̀ nípọn tó 80 sí 100 máíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Ó dára lára ilẹ̀kùn tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì nínú oòrùn. Bí ara mọ́tò bá ní kòtò tàbí tó tẹ̀ kọdọrọ, ẹ béèrè irú sítíkà tí wọ́n ń pè ní cast. Ó fẹ́lẹ́ tó 50 máíkírọ́ọ̀nù, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró síbi tí ẹ bá fi í sí. Yáàdì kan àbọ̀ tó fẹ̀ ní 61 cm á tó fún ìlà méjì tó ga ní 7 cm lára ìlẹ̀kùn méjì àti nọ́ńbà ẹ̀yìn, á sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún àṣìṣe.

Ẹ tún ra kọ́tà tí ẹnu rẹ̀ ṣeé ṣẹ́, másíkìn-tépù tó fẹ̀, sípírítì, àkísà funfun méjì, àti káàdì ike pẹlẹbẹ. Káàdì báńkì tó ti kú á ṣe é.

Gígé

Ẹ tẹ lẹ́tà sórí bébà ní ìwọ̀n gan-an tí ẹ fẹ́, kí ẹ fi tépù lẹ bébà náà mọ́ orí sítíkà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi abẹ gé méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ ni iṣẹ́ wà: kí abẹ gé sítíkà já, kó kàn ha bébà ẹ̀yìn lásán. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní etí. Bí sítíkà bá ṣí láìfa bébà ẹ̀yìn dání, ó ti tó. Bó bá gé bébà ẹ̀yìn náà, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, lẹ́tà yóò sì fọ́nká nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e. Bí etí bá ń ya wúruwùru, ẹ ṣẹ́ ẹnu abẹ. Ìlà tó tọ́, ẹ fi rúlà. Ọ̀bìrìkìtì, ẹ yí bébà, ẹ má yí ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí àyíká lẹ́tà kúrò, pẹ̀lú inú A, O, Ọ àti R. Ẹ wá fi másíkìn-tépù bo gbogbo ìlà náà, kí ìkan gun èkejì ní 1 cm, kí ẹ fi káàdì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ìnùmọ́

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kó gbẹ. Ẹ wá fi sípírítì nu apá kékeré kan, kí ẹ yára fi àkísà gbígbẹ kejì nù ún kí sípírítì tó gbẹ fúnra rẹ̀, torí bó bá dá gbẹ, ìdọ̀tí tó yọ́ yóò tún padà síbẹ̀. Ẹ máa ṣe é títí àkísà fi jáde ní funfun. Ẹ má fi bẹntiróò tàbí kẹrosíìnì nù ún, epo ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Lára ọ̀dà tí kò lágbára, ẹ dán sípírítì wò níbi tó fara sin.

Mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà dé kò tíì ṣe é lẹ̀. Ọ̀dà ṣì ń tú afẹ́fẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí sítíkà wú bíi roro. Ẹ lẹ ẹyọ kékeré kan mọ́ ọn, kí ó di ọjọ́ kejì. Bó bá wú, ẹ dúró sí i.

Lílẹ̀

Ẹ ṣe é ní àárọ̀, lábẹ́ ibòòji. Lára irin tó gbóná, gọ́ọ̀mù máa ń dì mọ́ ara lójú ẹsẹ̀, sítíkà á sì fà. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ ọyẹ́ tí eruku ń fò, àfi nínú ilé.

Ẹ gbé ìlà náà síbi tó máa wà, ẹ fi rúlà wọn ọ̀nà rẹ̀ láti etí ìlẹ̀kùn, kí ẹ fi tépù kan dè é láàárín. Ẹ ká apá kan sókè, ẹ ṣí bébà ẹ̀yìn apá yẹn, ẹ gé e kúrò, kí ẹ wá fi káàdì tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ẹ ṣe apá kejì bákan náà. Ẹ ṣí tépù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó padà gun ara rẹ̀. Lẹ́tà tó bá fẹ́ bá tépù lọ, ẹ dá a padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, kì í ṣe abẹ.

Níbi tí lẹ́tà bá gba àlàfo etí ìlẹ̀kùn kọjá, ẹ gé e níbẹ̀, kí ó jìnnà sí etí ìhà méjèèjì ní 3 mm. Ẹ má bo iná, gíláàsì tí awakọ̀ ń wò tàbí nọ́ńbà mọ́tò. Kí mọ́tò tó jáde, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá ẹ máa san owó ìwé mobile advert, ìyẹn ìwé àṣẹ láti fi mọ́tò polówó ọjà.

Ẹ má fọ mọ́tò fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń fi omi tó le fọ ọ́ dúró ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí i, kó má kọjú omi sí etí lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi mọ́tò sínú oòrùn kó gbóná, ẹ fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó padà sórí ara rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó kù, kẹrosíìnì díẹ̀ á yọ ọ́, kí ẹ wá fi omi ọṣẹ fọ ọ́.