Ẹ má fi mílíìkì bo membrane tí ẹ bá ń wá xanthine oxidase

Inú mílíìkì màlúù ni Schardinger ti rí ẹ́ńsáìmù yìí ní 1902. Òun ló ń sọ hypoxanthine di xanthine, tó tún ń sọ xanthine di uric acid, èyí tó máa ń dá gout, àrùn oríkèé ara, sílẹ̀ bó bá pọ̀ jù lára. Títí di òní, mílíìkì náà ni wọ́n ṣì ń yọ ọ́ láti inú rẹ̀ tà fún àwọn lábù. Síbẹ̀, tí a bá fẹ́ fi áńtíbọ́dì, purotéènì tó ń dì mọ́ ohun tí a ń wá, wá a nínú ẹ̀dọ̀ eku, kí la kọ́kọ́ ń pò? Mílíìkì oníyẹ̀fun, ìdá 5 nínú 100, tí a ó rẹ membrane sí, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbé purotéènì ẹ̀dọ̀ lé lórí, kí áńtíbọ́dì má bàa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Èmi náà ṣe é. Àwòrán dúdú láti òkè délẹ̀, mo sì ń dá áńtíbọ́dì lẹ́bi fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí mo ń wá ni mo fọwọ́ ara mi dà sí i. Ẹ lo BSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹ má sì tètè ju blot, membrane tí áńtíbọ́dì ti yẹ̀ wò, nù nítorí pé ìlà pọ̀ lórí rẹ̀. Odindi ẹ́ńsáìmù náà tó nǹkan bí 150 kDa (òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó), ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá pẹ́ lórí tábìlì, protease inú rẹ̀, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì, á gé e sí nǹkan bí 85, 40 àti 20. Èyí tí ẹ ó rí wà lọ́wọ́ ibi tí áńtíbọ́dì yín ń dì mọ́, nítorí náà ẹ ka ìwé tó bá a wá. Gígé yẹn gan-an wà lára ohun tó ń sọ dehydrogenase, ìrísí tí ẹ́ńsáìmù yìí kọ́kọ́ ń ní nínú ara, di oxidase, tí kò sì ní í padà mọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ìlà tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìdọ̀tí lè máa sọ ìtàn fún yín. Yìnyín ni kí ẹ̀dọ̀ bọ́ sí ní kété tó bá kúrò nínú eku, pẹ̀lú protease inhibitor, èròjà tó ń dá protease dúró.

Bí ẹ bá ń yẹ ẹ̀yà ara mìíràn wò, ẹ fi ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi wé e. Ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù yìí pọ̀ sí.

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ ìwádìí jẹ́ jù ni kí a rí ìlà, kí a sì kọ ọ́ pé ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́. Eku tó ń gba allopurinol, oògùn gout, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ò ṣàì wà níbẹ̀, oògùn ló dè é mọ́lẹ̀. Áńtíbọ́dì ò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ fún ẹ́ńsáìmù náà ní xanthine, kí ẹ sì fi ìmọ́lẹ̀ 295 nm wo bí uric acid ṣe ń gòkè.