Ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n lókè òrùlé ní Àkúrẹ́: kí bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ òjò má baà fò yín

Tí òjò ńlá bá ṣú ní Àkúrẹ́, díìṣì ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ìgbì tó ń gbà kúrú gan-an, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré, ẹ̀kán òjò sì ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ìgbì ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìlú gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: nínú oríṣi ìgbì méjì tí wọ́n ń lò, UHF tó sẹ̀ǹtímítà 35 sí 64, VHF sì lé ní mítà kan. Òjò kò rí i mú. Nítorí náà, lásìkò tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá odò Àlá ti kún, tàbí bóyá òjò ti da eré Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, rú, ẹ́ríà tó ń gba ìgbì ilé iṣẹ́ ìlú ni yóò ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ẹ ra ẹ́ríà tó gba VHF àti UHF pọ̀, ẹ fi mítà 15 sí 20 kébù RG-6 (kébù roboto tí wọ́n ń lò fún tẹlifíṣọ̀n) kún un, kí ẹ sì ra páìpù irin galvanised tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ínṣì 1½. Odidi páìpù kan jẹ́ mítà 6, ó tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ má ra kébù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ẹ́ríà olówó pọ́ọ́kú.

Kí ẹ tó gbé páìpù sókè, ẹ wo wáyà iná. Bí páìpù bá wó, kò gbọdọ̀ kàn án. Tí páìpù bá jẹ́ mítà 6, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí wáyà ní mítà 8, ó kéré tán. Ẹ ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ da kọnkéré sí i, kí ẹ sì fi okùn irin 3 fà á dúró, nítorí ìjì tó ń ṣáájú òjò a máa yí ẹ́ríà padà. Ẹ fi wáyà bàbà tó nípọn so ìdí páìpù mọ́ ọ̀pá bàbà tí wọ́n gbá wọ ilẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tí àwọn ọ̀pá kéékèèké wà ni iwájú ẹ́ríà. Òun ni kó kọjú sí ilé iṣẹ́. Òpó OSRC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní Oríta Òbèlé. Ẹ wo ibi tí ẹ́ríà àwọn aládùúgbò kọjú sí, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí ìjì lè ti yí tiwọn náà padà. Kí ẹnì kan máa wo tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀, kí ẹnì kejì máa yí páìpù díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí òkè Ìdànrè bá dí lójú ọ̀nà, ẹ gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Nígbà mìíràn ìgbì tó ta padà lára àpáta ló máa ń dára jù.

Kébù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Kébù mítà 20 lè jẹ bí ìdajì ìgbì kó tó dé ilé, torí náà ẹ má fi ká ilé kiri. Bí fọ́nrán wáyà òde bá kan wáyà àárín nínú ẹnu kébù, àwòrán á kàn máa ṣe wúruwùru funfun. Níbi tí kébù bá ti fẹ́ wọlé, ẹ jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè kán síta. Ẹ fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀ lókè.

Lórí rìmóòtù, ẹ yan ATV tàbí Analogue fún ilé iṣẹ́ tó ṣì ń lo ti àtijọ́, DTV fún ti òde òní, kí ẹ wá tẹ Auto Search. Bí àwòrán bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ohùn ń hó, ẹ yí Sound System padà, bíi láàárín BG àti I, títí ohùn á fi mọ́. Bí àwòrán bá ń ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbì ń ta padà lára ilé gíga, ẹ tún ẹ́ríà yí. Ẹni tó wà nítòsí òpó kò nílò búsítà, ẹ̀rọ tó ń fún ìgbì lágbára. Búsítà tó pọ̀ jù á mú àwòrán dàrú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn á tún ra òmíràn sí i.

Nígbà tí àwòrán bá ti mọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ àkókò ìròyìn eré ìdárayá àti ti ojú ọjọ́ sílẹ̀, torí àkókò náà lè yí padà. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa dáwọ́ dúró. Ẹ wá orúkọ agbègbè yín, kì í ṣe ti gbogbo Gúúsù lápapọ̀. Ẹni tó sá kòkó nílò oòrùn bíi ọjọ́ 5 sí 7, ìsọfúnni ojoojúmọ́ ló sì ṣe pàtàkì fún un ju ti ọdún lọ. Fún bọ́ọ̀lù, àwọn ìkànnì ńlá kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ wa, àyàfi tí ó bá dé ibi tó dé ní 2012, nígbà tó wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn (semi-final) nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà.

Bí òjò bá ti ń ṣú, kí àrá tó sún mọ́ tòsí, ẹ yọ kébù ẹ́ríà àti wáyà iná kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹ fi rédíò oníbátìrì gbọ́ Positive FM 102.5 títí àrá yóò fi rọlẹ̀.