Bí Mo Ṣe Fi Ìtàn Yẹ Eré The Simpsons Kan Wò

Apá tí mo yẹ̀ wò nínú The Simpsons, eré àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni "Homer vs. the Eighteenth Amendment", tó jáde ní ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Fox lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta, 1997. Kí n tó tan fídíò, mo kọ́kọ́ ka òfin fúnra rẹ̀. Ẹ má fo èyí. Àtúnṣe Kejìdínlógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ka pípọn ọtí, títà á àti gbígbé e kiri léèwọ̀. Kò ní ẹni tó mu ún jẹ̀bi. Òfin Volstead ti 1919 ló fa ààlà: ohunkóhun tí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà sí ọtí.

Mo fa ìlà sáàárín ìwé: ohun tí mo rí lósì, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́tùn-ún. Ilé ọtí Moe tó fi ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn bojú bá ìtàn mu dáadáa. Rex Banner, ọlọ́pàá inú eré náà, Eliot Ness ni wọ́n fi ń ṣe àfarawé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbógun ti Al Capone, olórí àwọn oníṣòwò ọtí òkùnkùn. Ṣùgbọ́n owó orí tí Capone kò san ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1931, kì í ṣe ọtí.

Ibi tó gba àkókò jù ni ìgbà tí Homer, bàbá inú eré náà, ń pọn ọtí nínú àwọn ọpọ́n ìwẹ̀, tí wọ́n sì ń bú gbàmù. Ìbúgbàmù yẹn kì í ṣe àsọdùn: bí ooru ọtí bá jò jáde níbi tí wọ́n ti ń sè é, tó bá iná pàdé, ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń sè ògógóró mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí eré náà kò fẹnu bà ló burú jù. Nígbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa fi methanol, irú ọtí olóró kan, sí ọtí ilé-iṣẹ́ kó má ṣe é mu. Àwọn oníṣòwò òkùnkùn tún un sè, ṣùgbọ́n methanol ń hó ní 64.7°C, ọtí gidi ní 78.4°C, wọ́n súnmọ́ra jù fún ìkòkò lásán láti yà wọ́n. Ojú àwọn èèyàn fọ́, àwọn mìíràn kú. Ó dùn mí pé wọ́n fo èyí.

Àṣìṣe ńlá wà ní òpin. Nínú eré, òfin ìlú kan tó ti tó igba ọdún ló ka ọtí léèwọ̀, wọ́n sì rí i nínú ìwé àtijọ́ pé wọ́n ti fagi lé e tipẹ́. Ní tòótọ́, Àtúnṣe Kọkànlélógún ló fagi lé Àtúnṣe Kejìdínlógún ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, 1933, nígbà tí Utah di ìpínlẹ̀ kẹrìndínlógójì tó fọwọ́ sí i. Bíà tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ti padà sọ́jà ṣáájú, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, nítorí náà ọjọ́ méjèèjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀.