Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo: bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà n'Ílọrin

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní pírámárì kẹrin, kò sì lè ka gbólóhùn kan já. Olódo ni wọ́n ń pè é nílé, olódo náà ni níléèwé. Olùkọ́ ni mí, mo sì kórìíra orúkọ yẹn, torí ọmọ tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gbìyànjú mọ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n jẹ́ kó máa yà lọ́dọ̀ mi tó bá ti ilé-kéwú dé.

Kí n tó ṣí ìwé, mo ní kí wọ́n mú un lọ ọsibítù, kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Wàláà rẹ̀, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú, ló là mí lójú. Kò yára bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-kéwú, ṣùgbọ́n ó ń kà. Àfáà wọn máa ń mú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Díẹ̀ ni wọ́n ń kọ sójú wàláà, ọmọ á sì kà á sókè títí á fi mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Níléèwé, odidi ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Àkọ́sórí ló ń kọ́, kò mọ ohùn lẹ́tà.

Yorùbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 la ní, wọn kì í sì í pa ohùn dà bí "a" inú cat ṣe yàtọ̀ sí ti cake. Fáwẹ́lì la kọ́kọ́ mú, mo wá fi b síwájú wọn: ba, be, bẹ, bi. Gb ló le jù fún un. Ó ń pe g lọ́tọ̀, b lọ́tọ̀. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sórí páálí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, a sì ń ka gba, gbe, gbẹ títí ó fi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan ní ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Mo sọ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fún wọn: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún 6 ní pírámárì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, síbẹ̀ wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé kíkà nìkan kọ́. Tí a bá ní, "Lọ gbé báàgì, mú ìwé ìṣirò, kọ déètì, ṣe nọ́ńbà kìíní," á dé ìdí báàgì, á dúró. Wọ́n ní oríkunkun ni. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ ju ohun tí ọkàn rẹ̀ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ kan ni mo ń rán an báyìí. Tó bá jẹ́ ẹ tán, ó kan òmíràn. Mo ya àwòrán gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìka tọ́ ọ kó tó sùn. Iṣẹ́ àṣetiléwá, a gé e sí wẹ́wẹ́: á ṣe díẹ̀, á dìde mu omi, á padà wá. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù lójú mi ni pé kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe jáde kó tó ṣe é: "Àǹtí, mo fẹ́ kọ déètì ná." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń rán ara rẹ̀ níṣẹ́.

Ó ti ń ka ìwé Yorùbá ti pírámárì kejì. Olùkọ́ rẹ̀ ti gbé e sí ìjókòó iwájú, wọ́n sì ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sójú pátákó dípò kí wọ́n kàn fẹnu sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní àwọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ "olódo" nínú ilé mọ́. A ti wọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Sh ti mọ́ ọn lára, th la wà lórí rẹ̀.