Bí ẹ ṣe máa fi Giselle wé Lamentation, ẹ̀yin tí wọ́n fún ní asáínmẹ́ǹtì ijó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ tíátà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Rẹ́mọ níbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ fi báléètì ayé àtijọ́ wé ijó òde òní tó dá lórí ìbànújẹ́, ìtàn lẹ máa ń dì mọ́, ẹ ó ro ìtàn Giselle títí pépà á fi kún, tó bá wá kan Lamentation ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu yín torí kò ní ìtàn kankan nínú. Ẹ fi ìtàn sílẹ̀ ná. Ara oníjó ni kẹ́ ẹ wò, ẹ wo ibi tí ìbànújẹ́ ń gbé e lọ, ṣé òkè ni àbí ìsàlẹ̀.

Lamentation ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, kò ní jẹ déètà yín. Martha Graham ọmọ Amẹ́ríkà ló ṣe é, òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ jó o ní New York ní January 1930, orin dùrù Kodály ará Hungary ló jó sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìtàgé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, aṣọ elésè àlùkò kan tó ń fà bí rọ́bà bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ojú àtọwọ́ àtẹsẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ẹ pa sáúǹdì, kẹ́ ẹ wo aṣọ yẹn nìkan. Tó bá ti orúnkún sápá kan tó yí èjìká sí òdì kejì, aṣọ á lọ́, á le dan-in láti èjìká dé ẹsẹ̀, ọwọ́ á wọ inú ẹ̀, á tì í sókè, ara ń wá ọ̀nà àtijáde, aṣọ ò sì jẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún un wò, ikùn ló kàn báyìí. Látinú èémí ni ijó Graham ti ń wá, ikùn á sún kì, ẹ̀yìn á tẹ̀, á wá tú sílẹ̀, gbogbo ìwúwo ẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ìnáwó òkú àgbà dáadáa, aṣọ ẹbí, onílù, owó níná. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, ta ló ń pe onílù? Ìyá tó jókòó sílẹ̀, tó fa ìró bo orí, tó ń mì síwá sẹ́yìn láìfọhùn, ẹ̀yin náà ti rí i rí. Ijó yìí nìyẹn, kò sọ ẹni tó kú, kò sọ ohun tó pa á.

Giselle wá ńkọ́? Ní Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ jó o, 28 June 1841, Adolphe Adam ló kọ orin ẹ̀, Jean Coralli àti Jules Perrot ló ṣètò ijó, Carlotta Grisi ló jó Giselle. Ọmọ ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Albrecht díbọ́n bí ọmọ tálákà, ó tan Giselle, ọmọbìnrin abúlé, àṣé Albrecht ti ní àfẹ́sọ́nà, Giselle sọ orí nù, ó sì kú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré kọjá ibi tórí ti dàrú yẹn, ibẹ̀ ni ijó méjèèjì ti sún mọ́ra jù. Níbẹ̀rẹ̀ ó já ewé òdòdó níkọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá Albrecht fẹ́ràn òun, nígbà tórí wá yí, irun tú ká, ó tún ń já òdòdó yẹn, kò sóhun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń jó ijó tó ti jó tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti já sí wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ ti wúwo.

Lẹ́yìn ikú ni gbogbo ẹ̀ yí padà. Apá kejì, òru, inú igbó, àwọn Wili jáde, ìyẹn àwọn wúńdíá tó kú kí ìgbéyàwó tó dé, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń dúró lórí ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìwúwo. Wọ́n á tò lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan tọ kọjá láàárín ara wọn, ẹsẹ̀ kejì nà sẹ́yìn. Ẹ má kàn pè wọ́n ní àkúdàáyà o, àkúdàáyà ń lọ sí ìlú mìíràn lọ gbé ayé ni, àwọn wọ̀nyí kì í kúrò nítòsí sàréè, ọkùnrin tí wọ́n bá sì mú, wọ́n á mú kó jó títí ẹ̀mí ẹ̀ á fi bọ́. Giselle tóun náà ti di Wili gba Albrecht lọ́wọ́ wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Torí náà ìbànújẹ́ ibí ń gbé ara sókè, ó lẹ́gbẹ́, ó lẹ́ni tó ń dárí jì, ó sì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ti Graham ò ní ọ̀kankan nínú ẹ̀.

Ẹ má kọ ọ́ pé Lamentation ló jẹ́ òótọ́ jù torí òun ló dé lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ló jẹ́ nǹkan tuntun nígbà tiwọn.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Giselle tó ń já òdòdó tí kò sí, àti ọwọ́ tó ń ti aṣọ láti inú. Ẹ ṣàpèjúwe méjèèjì débi tí ẹni tí ò wo ijó yẹn rí á fi rí i. Ìtàn Giselle lè wá tẹ̀ lé e ní ìlà mẹ́ta, ó ti tó.