Bí Mo Ṣe Kó Sinimá Ìgékúrú Jọ, Tí Mo sì Fi Wọ́n Han Ará Ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde

Kí fídíò tó dé, ẹni tó bá fẹ́ wo sinimá nínú ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà rí odindi rẹ̀ rà. Ìgékúrú ni wọ́n ń tà fún un: sinimá wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti gé títí tí kò fi pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́, tí wọ́n tẹ̀ sórí fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, tí wọ́n sì kó sínú páálí aláwòrán. Irú wọn ni mo ń kó jọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kó àwọn àkọ́kọ́ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, òun àti pùrójẹ́kítọ̀ rẹ̀. Ìyókù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé níbẹ̀ ló ń bá mi rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń palẹ̀ ẹrù ilé mọ́. Nígbà Iléyá tó kọjá, tí ẹbí pé jọ nítorí Ojúde Ọba, mo fi wọ́n han gbogbo agbo ilé wa ní Pórógun.

Imú ni mo kọ́kọ́ fi yẹ̀ wọ́n wò. Asítéètì, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe fíìmù ilé wọ̀nyí, kì í ṣe irú èyí tó máa ń gbaná wéréwéré ní ilé sinimá àtijọ́. Àmọ́ asítéètì náà ní àrùn tirẹ̀. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a fínra pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, á máa rùn bíi fínígà, á sún kì, á sì ká kò. Ohun tó ń rùn jáde lára rẹ̀ tún máa ń ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́, nítorí náà èyíkéyìí tó bá ti kan, yàrá ọ̀tọ̀ ló ń lọ. Ìjẹ̀bú kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ, òjò wa kò sì kéré. Mo kó àwọn tó dára kúrò ní àjà, níbi tí páànù ti ń gbóná, lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tí kò fara kan ògiri, mo sì fi àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun há wọn láàárín kí wọ́n lè fa ọ̀rinrin.

Lẹ́yìn náà ni mo yà wọ́n sọ́tọ̀. Oríṣi mìlímítà 8 méjì ló wà: ti àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Kodak gbé jáde ní 1932, àti Super 8 tí wọ́n gbé jáde ní 1965. Ẹ wo ihò etí rẹ̀. Ti àtijọ́ tóbi, ó sì wà láàárín àwòrán kan sí èkejì. Ti Super 8 kéré, ẹ̀gbẹ́ àwòrán gan-an ló wà. Bí èèyàn bá ki ọ̀kan bọ ẹ̀rọ èkejì, eyín ẹ̀rọ á fa fíìmù náà ya. Níbi tó bá ti já, mo máa ń gé etí méjèèjì kó dọ́gba, kí n tó fi téèpù tí wọ́n ṣe fún fíìmù so wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lásán sí i, gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ṣàn jáde tí ooru bá mú un.

Pùrójẹ́kítọ̀ náà kò gba wàhálà púpọ̀: gílóòbù tuntun, àti bẹ́líìtì rọ́bà kan tí ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Òkè-Ajé bá mi wá.

Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù ni wíwo ọ̀nà tí wọ́n gbà gé wọn. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù lára páálí mi ni Castle Films, tí Eugene Castle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1937 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta fíìmù fún ìdílé, àwòrán ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg tó jóná sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ tà. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ Universal, ilé iṣẹ́ sinimá ńlá kan ní Amẹ́ríkà, bí àwọn ìwin àti abàmì ẹ̀dá inú sinimá Universal ṣe dé inú páálí kékeré nìyẹn. Olówó ńlá á ra èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó á mú ti ẹsẹ̀ bàtà 50. Lórí Super 8, tí àwòrán 18 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 200 á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ti 50 kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ dáadáa.

Ẹ wá wo Creature from the Black Lagoon, tí Jack Arnold darí ní 1954. Ìṣẹ́jú 79 ni odindi rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì wọ inú igbó Amazon, wọ́n bá ẹ̀dá kan pàdé tó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹja, wọ́n sì ń jiyàn ṣáá lórí bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú omi rẹ̀ tàbí kí wọ́n mú un lọ. Nínú ìgékúrú tí mo ní, tí kò ní ohùn, iyàn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Omi ló kù, àti obìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́, àti ẹ̀dá tó ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé bíba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ ni. Èmi kò gbà. Ẹni tó gé e ń ṣe ohun tí ìyá àgbà máa ń ṣe tó bá ń pa àlọ́ fọ́mọ tí oorun ti ń gbé: ó mọ ibi tí ìtàn ti ń mí, ó sì di ibẹ̀ mú. Mo ti wo odindi àti ìgékúrú tẹ̀ léra wọn, ìgékúrú yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ẹ̀dá náà kò wá ìjà ẹnikẹ́ni, àwọn ló wá a délé.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ló wà lójú àwòrán láti fi ṣàlàyé, àwọn ìyá wa kò sì ní kà á. Torí náà mo tú gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá, mo kó o fún àbúrò bàbá mi obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ó sì kà á títí tó fi mọ̀ ọ́n lórí. Ní Japan, irú iṣẹ́ yẹn ní orúkọ tirẹ̀ nígbà sinimá aláìlóhùn. Benshi ni wọ́n ń pe ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán láti sọ ìtàn náà. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, a gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé kí ariwo rẹ̀ má bo ohùn Àǹtí. Àwọn àgbà tó ti sanwó wo sinimá Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà ìhín yìí, ní gbọ̀ngàn rí, iwájú ni wọ́n jókòó sí.

Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀dá náà yọ jáde nínú omi, Àǹtí fi ìwé tí mo kọ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló pè yín wá sínú ilé mi?" Kò sí i nínú ìwé, kò sí i lójú àwòrán. Gbogbo agbo pariwo. Bàbá kan ní, "Ó kúkú jàre!" Wọ́n ní ká tún un ṣe, a sì tún un ṣe.

Mo fi fóònù ká a sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá. Tí ẹ bá kàn na fóònù sí ògiri, àwòrán á máa ṣẹ́jú. Pùrójẹ́kítọ̀ mi máa ń tan iná lu àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dín ìyára rẹ̀ kù sí bí àwòrán 16 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá, iye ìtànná rẹ̀ wá di 50. Kí fóònù lè bá a mu, mo fi í sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, mo sì fi ìyára ìṣíjú rẹ̀ (shutter speed) sí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Àwòrán náà kò ṣẹ́jú mọ́.

Èyí tí mo gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ti Charlie Chaplin, apanilẹ́rìn-ín ìgbà sinimá aláìlóhùn, nìkan, torí pé ní Amẹ́ríkà, sinimá àtijọ́ bíi tirẹ̀, tó ti jáde ṣáájú 1929, ti di ti gbogbo ayé. Àwọn ti Universal ṣì ní ẹni tó ni wọ́n, inú ilé la ti ń wò wọ́n.

Ẹbí kan ní Ìperu ti ní ká mú wọn wá fún ìsìnkú àgbà wọn. Mo bi wọ́n bóyá iná wọn dúró, bóyá ògiri wọn funfun, bóyá wọ́n ní ẹni tó máa sọ ìtàn. Àǹtí ní kí n má wulẹ̀ béèrè ìkẹta yẹn, òun ń bọ̀.