Òjòlá àkọ́kọ́ nílé yín: ilé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Kí ẹ tó ra òjòlá, ẹ ra ilé rẹ̀, ẹ tan iná rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣọ́ bí ooru inú rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Birmingham ni mò ń gbé, mo sì mọ bí òtútù oṣù Kìíní ṣe ń wọlé tọ èèyàn níbí. Òjòlá tí mò ń sọ wá láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Boa imperator. Kò ní oró. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ká gba ìwé àṣẹ ká tó sìn ín, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2006 lórí ìtọ́jú ẹranko ti di ẹrù lé ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ẹranko lórí: ilé tó yẹ ẹ́, oúnjẹ tó yẹ ẹ́, àti ìtọ́jú nígbà àìsàn. Ó sì lè gbé lọ́dọ̀ yín fún ọdún 20 sí 30. Ẹni tí kò bá lè wo ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Àpótí onígi tó ní gíláàsì níwájú ni mo fara mọ́, torí pé igi máa ń di ooru mú. Abo tó ti dàgbà lè gùn tó mítà 2, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Akọ kì í sábà tó o. Àpótí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ dín ní mítà 1.8 ní gígùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kó gbóná, bíi dígírì 31 sí 32. Ẹ̀gbẹ́ kejì kó wà ní 25 tàbí 26, kí ejò lè fúnra rẹ̀ yan ibi tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Lóru, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 23. Ẹ fi thermostat, ẹ̀rọ tó ń dá ooru dúró kó má kọjá ibi tí ẹ fẹ́, sí gbogbo ohun tó ń mú ooru wá, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀n irin bo gílóòbù, torí pé òjòlá á wé mọ́ ọn, á sì jóná kó tó sún kúrò níbẹ̀. Ẹ má ra òkúta oníná tí wọ́n ń tà. Ibi ìsápamọ́ méjì ló nílò, ọ̀kan níbi tó gbóná, ọ̀kan níbi tó tutù, kó má baà di pé ó ń yàn láàárín ooru àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kó wà láàárín ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ ni mo ń tẹ́ sílẹ̀ fún tèmi. Ẹ ti ilẹ̀kùn pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ gidi.

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà, tí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ tuurutu bọ̀ lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni mo ti yọ orúkọ tí mo sọ abo òjòlá mi, Tuurutu. Ṣùgbọ́n nínú àpótí, ejò kan ṣoṣo ni. Méjì lójú kan á máa du ibi tó gbóná mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ọ̀kan bá sì ṣàìsàn, èkejì ti kó o nìyẹn.

Lórí oúnjẹ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín gidigidi. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá wà lábẹ́ òrùlé wa gbọ́dọ̀ yó. Òjòlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ló ń gé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ òjòlá ilé kúrú. Ọmọ òjòlá, eku kékeré kan ní ọjọ́ 10 sí 14. Àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà mìíràn ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí eku náà má tóbi ju ibi tí ara ejò ti nípọn jù lọ.

Òkú eku láti inú fírísà ni kí ẹ lò, torí pé eku ààyè lè bu ejò jẹ gan-an. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú, kí ẹ wá fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé e, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn mú un níbi ìdí, ẹ má fi ọwọ́. Tuurutu á kọ́kọ́ dúró gbagidi, ahọ́n rẹ̀ á máa yọ wéréwéré, ọrùn rẹ̀ á ká sẹ́yìn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti gbá a mú, ó ti wé mọ́ ọn. Ẹ rọra fi ẹ̀mú mi ìrù eku náà díẹ̀, kó lè dà bíi pé ó ṣì wà láàyè. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi ọkàn àtọwọ́dá sínú òkú eku, wọ́n rí i pé òjòlá ń mọ̀ bóyá ọkàn ṣì ń lù, níwọ̀n ìgbà tó bá sì ń lù, kò ní tú ìdì rẹ̀. Tó bá ti gbé e mì, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, nínú ooru. Tó bá pọ̀ ọ́ jáde, ẹ yẹ ooru àpótí wò, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fún un ní èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ kọ́kọ́ fi igi tàbí bébà tí ẹ ká fọwọ́ kàn án lára pẹ̀lẹ́, kó mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e láti àárín, kí ọwọ́ yín méjèèjì gba ìwúwo rẹ̀ dúró. Ẹ má fi í sọ́rùn. Nígbà tó bá ti kọjá mítà 2, ẹ má gbé e jáde láìsí àgbàlagbà mìíràn nínú yàrá. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń rí bíi ti ewúrẹ́ tó fọ́jú, tó funfun bí ìkùukùu, awọ ló fẹ́ bọ́ un yẹn. Kò ríran dáadáa, ẹ yéé fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi kún ọ̀rinrin inú àpótí. Awọ náà yẹ kó bọ́ lódidi, pẹ̀lú ti ojú. Ẹ má fi èékánná yọ èyí tó bá kù lójú.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, nítorí kòkòrò àrùn salmonella. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kó má fọwọ́ kàn án rárá. Bí ẹ bá rí kòkòrò dúdú kéékèèké tó dà bí èérí nínú omi mímu rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀, tí itọ́ ń hó níbẹ̀, tàbí tí orí rẹ̀ ń yí sókè bí ẹni ń wo àjà, dókítà ẹranko ló kàn. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ń tọ́jú ejò, ẹ wá èyí tó mọ̀ ọ́n kí òjòlá tó dé, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ sára àpótí.